Ìrìn Alárìnká

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá Aláago kan ilẹ̀kùn, ológbò wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Aránṣọ. Ẹni yín tún ti dé ọ̀dọ̀ mi."

"Ẹ mà ṣeun o. Ẹ wọlé, kí ẹ fi omi tútù panu."

Ó wọlé, ó jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ń mu omi náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ aago kan tí wọ́n gbé wá fún un láàárọ̀, tí èèrà ti sọ inú rẹ̀ di ilé. Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tó ogún ìṣẹ́jú, Bàbá Aláago dìde, ó kí i, ó lọ. Kì í ṣe ẹni tó ń yà sílé onílé láìnídìí. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Òun ló sọ ológbò náà ní Alárìnká. Òpópónà kẹta ni bàbá náà ń gbé, nínú ilé tó ní géètì búlúù. Ìyá Aránṣọ ti dé ibẹ̀ rí lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí aago ọwọ́ olóògbé ọkọ rẹ̀ dákẹ́ iṣẹ́. Bàbá Aláago tún un ṣe débi pé kò yọnu mọ́ láti ọjọ́ náà. Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọbìnrin Ìyá Aránṣọ mú ológbò wá fún un, kí ilé má baà pa rọ́rọ́ jù. Ìyá Aránṣọ rán okùn pupa kan sí i lọ́rùn, ó fi òwú funfun kọ nọ́ńbà ilé sára rẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí Bàbá Aláago fi kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Akọ ológbò tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá, abo ni yóò máa wá kiri. Ọkọ̀ máa pa á lọ́jọ́ kan."

"Mo gbọ́."

"Oṣù mẹ́ta rèé tí ẹ ti ń gbọ́."

"Kò dáa kéèyàn gba ìrìn lẹ́sẹ̀ alárìn."

"Kì í kúkú ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé, Màámi."

Ìyá Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀. Ó wo aago, ó mú báàgì, ó jáde lọ wá òwú. Nígbà tó dé, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Nígbà tí Bàbá Aláago gbé ológbò dé, kò tètè mu omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ ọmọ yìí lọ́dàá. Lọ́jọ́rú, alùpùpù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a níwájú géètì mi. Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ náà."

"Ẹ̀yin ọkùnrin náà lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Akọ kì í fọwọ́ sí i fún akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ló jù."

"Tó bá ń jókòó sílé, ẹ̀yin náà á bọ́ lọ́wọ́ wàhálà."

Ó tẹjú mọ́ omi inú ife. "Kì í ṣe wàhálà," ló wí.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Aránṣọ gbé Alárìnká lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tú báàgì, ó wo etí ológbò, ó wo imú rẹ̀.

"Inú báàgì yìí tiẹ̀ tù ú lára. Àwọn tó kù máa ń ha èèyàn lọ́wọ́. Alárìnká sì nìyí, tí kò ní àpá ìjà kan ṣoṣo."

"Oníwà pẹ̀lẹ́ ni," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Tí ẹ bá ṣe é tán, ṣé yóò wá máa jókòó sílé?"

"Ọ̀pọ̀ wọn máa ń jókòó."

"Gbogbo wọn ńkọ́?"

"Àwọn kan wà tí ìrìn ti di bárakú fún. Ìyẹn, ọ̀bẹ ò ràn án."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀."

Dókítà wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé oògùn. Ó ní kí ológbò má jáde fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ọjọ́ mẹ́wàá náà gùn. Ìyá Aránṣọ rán aṣọ ilé-ìwé mẹ́ta, ó ká etí kọ́tìnì kan, ó tú u, ó tún un ká. Ìdúró ló ti ń jẹun. Bí aago márùn-ún bá ti lù, á dá ẹ̀rọ dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan, á sì tún máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Alárìnká ń sùn lórí àwọn àgékù aṣọ, kò tilẹ̀ wo ọ̀nà ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó pàdé Bàbá Aláago níwájú ilé búrẹ́dì.

"Ara Alárìnká ńkọ́?"

"Ó ń yá."

"Ẹ bá mi kí i."

Ó dúró bí ẹni tó ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Búrẹ́dì kékeré ni, irú èyí tí ẹnì kan ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kọkànlá, nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù, Ìyá Aránṣọ gbé Alárìnká, ológbò tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ẹnu-ọ̀nà ilé náà rí láti ọjọ́ tó ti débẹ̀, sínú báàgì, ó rìn dé òpópónà kẹta, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra tì í gba abẹ́ géètì búlúù wọlé síbi tí alùpùpù kò lè dé, ó sì yára padà kí ó lè wà nílé nígbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn.