Ohùn Tí Ń Ki Àníkẹ́

Láràárọ̀, kí Bàbá Adégoróyè tó bọ́jú, ohùn ìyàwó rẹ̀ olóògbé a máa ti inú ẹ̀rọ kan tó wà lára ògiri jáde, a máa ki ọmọ-ọmọ wọn: “Àníkẹ́ mi, ọmọ Ọlálọmí, ṣé o jí ire?” Ọmọ ọdún mẹ́rin náà á kúnlẹ̀ síwájú ògiri, á ní, “Mo jí ire, Màmá.” Kì í dá ẹlòmíràn lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, Ìyáàfin Ọlátẹ́rù, olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, wò wọ́n títí.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká pa ohùn yẹn. Ó ti ṣe tirẹ̀. Ẹni tó lẹ́nu tí ọmọ lè máa wò ló kù kó bá a sọ̀rọ̀.”

“Èmi ò mọ ọmọ kì. Iṣẹ́ ìyàwó mi nìyẹn.”

“Ojoojúmọ́ lẹ ń gbọ́ ọ, síbẹ̀ ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ta wá ni ohùn náà ń kọ́?”

Bàbá rò ó wò. Bí wọ́n bá pa á, ilé á dá páropáro. Bí wọn ò bá pa á, ògiri nìkan ni ọmọ yóò máa bá sọ̀rọ̀ dàgbà.

Ó dìde, ó pa á. Ó rọra jókòó sílẹ̀ níwájú ọmọ náà.

“Àníkẹ́,” ó ní.

Ọmọ náà wo ògiri, ó wo ẹnu Bàbá, ó fọwọ́ kàn án.

“Bàbá, Màmá ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú.

“Ó ti kú, ọmọ mi,” ni ó wí. “Sún mọ́ mi, kí n sọ fún ọ irú ẹni tó jẹ́.”