Ẹja Inú Ìkòkò

Ẹja náà kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Abẹ́ gbòǹgbò igi létí odò ló ń gbé. Tanwíjí ni oúnjẹ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin abúlé tó wà lẹ́yìn Ipara fi ń fi í sínú ìkòkò omi mímu. Bí ẹja bá kú, wọn á da omi náà nù.

Ẹja yìí náà ni wọ́n fẹ́ fi yanjú ọ̀rọ̀ Olóyè Akínbọ́lá, tí ilé-iṣẹ́ sítáàṣì rẹ̀ ń da omi ẹ̀gẹ́ sódò. Baálẹ̀ ní kí wọ́n bu omi odò nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà sínú ìkòkò, kí wọ́n kó ẹja sí i. Bí ẹja bá yè di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ á máa lọ. Bí wọ́n bá kú, Olóyè á ti ilẹ̀kùn.

Olóyè bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí ò tó há sáàárín eyín yìí ló máa ṣe adájọ́ mi? Ẹ kúkú dé e ní fìlà!"

"Ẹja yẹn kì í gba rìbá, Olóyè," Ìyá Rasheedat, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin abúlé náà, fèsì. "Ó tó adájọ́."

Dámilọ́lá, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ náà, sún mọ́ ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Látìgbà tá a ti ṣe asẹ́ tó ń sẹ́ omi ẹ̀gẹ́ ni omi wa ti mọ́."

"Ta ló bi ọ́?"

Wọ́n gbé omi mímu fún Olóyè. Ó yínmú sí i.

"Èmi kì í mu omi tí ẹja ń yàgbẹ́ sí." Ó tọ́ka sí àwọn kẹ́ẹ̀gì tó wà nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò rẹ̀. "Ti ilé mi ni mò ń gbé kiri. Oògùn ni mo ń dà sí i. Kòkòrò kan ò lè yè níbẹ̀."

Wọ́n gbé ìkòkò náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀. Olóyè ní kí Tájù, dírẹ́bà òun, dúró ṣọ́ ọ, kí àwọn ará oko má bàa ṣe màgòmágó. Ìyá Rasheedat ní òun náà á jókòó tì í.

"Ṣé olè lo pè mí ni?" Olóyè bi í. Ojú ti Ìyá Rasheedat, ó lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi inú ìkòkò mọ́ gaara. Gbogbo ẹja ti léfòó, wọ́n dojú ikùn funfun sókè.

"Adájọ́ ti dájọ́," ni Ìyá Rasheedat wí.

Olóyè wo Tájù. Tájù wo ilẹ̀.

"Kò yé mi, sà," Dámilọ́lá ń sọ ṣáá. "Kò yé mi rárá."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti fi àgádágodo há ilé-iṣẹ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, ní ẹ̀yìn ilé Olóyè ní Ṣàgámù, Tájù ṣí kẹ́ẹ̀gì tó fi bu omi odò kúrò nínú ìkòkò náà kó tó fi omi ilé Olóyè rọ́pò rẹ̀, ó sì bá ẹja kan tó ti bá omi wọlé níbẹ̀, ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.