Ẹni Tó Mú Béjidé Lọ Wo Àpáta

Ní oṣù kejì ọdún 1974, Bàbá Béjidé sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Òkè Fìà, ní Òṣogbo, pé òun fẹ́ lọ wo àwọn àpáta dúdú inú aṣálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó kú. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ọdún kẹta rèé tí ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

"Kí lẹ fẹ́ fi wò ó, Bàbá?" Fákúnlé, ọmọ àbúrò rẹ̀, ló bi í bẹ́ẹ̀.

"N ó fọwọ́ kàn án," ni Béjidé wí. "Ọwọ́ mi ò fọ́."

Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ngùrù, níbi tí ojú irin ti parí lápá òkè ọya, ló ti lo mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ó sì ń sọ Haúsá bí ẹni tí wọ́n bí sí Kánò. Láti ibẹ̀ ló ti máa ń bá lọ́rì lọ wo àwọn àpáta náà. Ó ní iná ló tú jáde nínú ilẹ̀ láyé àtijọ́, tó yọ́ òkúta bí òrí, tí òkúta náà wá dì sí oríṣiríṣi ìrísí. Òmíràn dà bí agbo ràkúnmí tó kúnlẹ̀, òmíràn bí obìnrin tó pọnmọ. Ìjọba ibẹ̀ ti fi wáyà yí i ká, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìwòran.

Fákúnlé ní òun á mú un lọ. Béjidé kọ̀.

"Ìyàwó ọmọ mi ni n ó bá lọ. Òun ló mọ bí mo ṣe ń rìn."

Ọmọ́yẹlé wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Ó sá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn.

"Mo ti gbọ́, Bàbá. A óò lọ."

Gbogbo àdúgbò ló ń yin Ọmọ́yẹlé. Ọkọ rẹ̀, Ọlágòkè, ọmọ kan ṣoṣo tí Béjidé bí, ti kú, kò sì sọ́mọ nílẹ̀, síbẹ̀ obìnrin náà kò padà sílé bàbá rẹ̀. Òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ fún afọ́jú náà, òun ló ń gé èékánná rẹ̀.

Ó ti bímọ rí. Sùsánà lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n mú un lọ lo ọlidé ní oko kòkó Béjidé ní Ìfẹ̀wàrà, ibà sì kọ lù ú. Ọmọ́yẹlé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e lọ sí ọsibítù ní Iléṣà. Béjidé ní àgbo ti tó. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọlágòkè jókòó ti bàbá rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n gbé ọmọ náà jáde lọ sin.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ọdún 1971, tí onígbáméjì ń pa èèyàn káàkiri. Ọlágòkè jẹ mọ́ínmọ́ín lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú rírun mú un, ẹ̀mí bọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò wádìí; òkú pọ̀ lọ́dún náà. Béjidé nìkan ló béèrè ẹni tó tún jẹ nínú mọ́ínmọ́ín ọ̀hún. Wọ́n ní kò sí. Kò béèrè nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ́yẹlé ń bó ọsàn fún un, ó ń sọ orúkọ ibùdókọ̀ tí wọ́n bá dé. Ní Ngùrù, Béjidé háyà lọ́rì kan. Àmínù lorúkọ awakọ̀ náà, Béjidé sì mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Àwọn méjèèjì ń sọ Haúsá lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ́yẹlé kò gbọ́ ju ìkíni lọ nínú èdè náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dé ibi àpáta. Wáyà ti wó, ọ̀dá ti lé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ. Kò sí ilé kankan tí ojú tó.

"Ṣé àwọn èèyàn ṣì ń wá síbí, Bàbá?"

Béjidé bi awakọ̀. "Ó ní ó ti tó oṣù méjì tóun ti rí ẹlẹ́sẹ̀ méjì kẹ́yìn níbí."

"Ó dáa," ni Ọmọ́yẹlé wí.

Ó di Béjidé lọ́wọ́ mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bàbá náà ń fọwọ́ pa àpáta lára bí ẹni ń kí ẹbí.

"Obìnrin tó pọnmọ ńkọ́?"

"Òun ló wà níwájú wa yìí."

"Ṣé ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Ọmọ́yẹlé wò ó. "Orí ọmọ ti já, Bàbá."

Béjidé mi orí, wọ́n ń lọ.

Lókè pátápátá, ibi pẹrẹsẹ kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Ọ̀gbun ló wà níhà mẹ́ta. Ọmọ́yẹlé mú bàbá náà jókòó sí àárín rẹ̀.

"Ẹ jókòó síbí. Ẹ jẹ́ kí n lọ bu omi wá nínú ọkọ̀."

"Má kánjú. Kò síbi tí mò ń lọ."

Ọmọ́yẹlé mú ọ̀pá tí bàbá náà fi ń rìn dání, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó ti mọ ohun tóun máa ṣe tóun bá dé ọ̀dọ̀ awakọ̀: á ká ọwọ́ lérí, á nàka sókè, á ké bí ẹni pé bàbá ti já sí ọ̀gbun. Ẹkún ò lédè. Nígbà tó dé ìdí obìnrin tó pọnmọ, ó ju ọ̀pá náà sínú ọ̀gbun. Ó gbọ́ ìró rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ń rìn kíákíá, òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.

Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, kò rí lọ́rì. Ipa táyà ló rí, ó ti yí padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Kẹ́ẹ̀gì omi wà nínú ọkọ̀. Ó sáré tẹ̀lé ipa náà díẹ̀, ó dúró. Afẹ́fẹ́ ti ń fi yanrìn bò ó.

Ohùn Béjidé bá afẹ́fẹ́ wá láti òkè, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀: "Ọmọ́yẹlé, má wá ọkọ̀ mọ́, mo ti ní kí Àmínù máa lọ, mo sọ fún un pé Ọlágòkè ọmọ mi ń bọ̀ wá gbé àwa méjèèjì."