Òǹtẹ̀ Yarina Lórí Olú Gbígbẹ

Ìkánjú ni àrùn Yarina. Kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe òpùrọ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ohunkóhun. Bó bá ń se ẹyin, kì í jẹ́ kó dì kó tó bó o.

Òun ló ń yẹ oúnjẹ wò nínú ọjà ìlú wọn, nítòsí igbó tí ìtànṣán olóró bà sí nígbà tí ilé iná mànàmáná bú gbàù láyé àwọn ìyá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ta olú igbó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu díẹ̀ fún un. Yarina á gbé e sínú àpótí òjé, ẹ̀rọ á sì máa ka ìtànṣán ibẹ̀. Bó bá pẹ́ níbẹ̀ ni èsì fi ń dájú. Ẹ̀rọ kì í kánjú. Yarina ló ń kánjú.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, Odarka arúgbó gbé olú gbígbẹ wá. Kò pẹ́ rárá tí Yarina fi yọ ọ́ jáde.

"Ọmọ mi, ó mà yá o! Ẹ̀rọ yẹn ò tíì mí kanlẹ̀."

"Ìyá Odarka, ṣé ẹ fẹ́ tà á ni, àbí ẹ fẹ́ fi í joyè?"

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Yarina lu òǹtẹ̀.

"Ó dáa. Ọwọ́ rẹ ló lù ú o," ni Odarka wí.

Lẹ́yìn ọdún Kérésì náà, àwọn dókítà gbé àga tó ń wọn ìtànṣán lára ọmọdé wá sí ilé ìwé. Nígbà tó kan Ustina, ọmọ Yarina, nọ́ńbà fò sókè. Wọ́n bọ́ kóòtù rẹ̀, wọ́n tún gbé e jókòó. Nọ́ńbà ò sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lo jẹ lálẹ́ Kérésì?" ni dókítà kan bi í.

"Ọbẹ̀ olú Màmá àgbà. Wọ́n ṣì ń sè é fún mi."

Bí Yarina ti gbọ́, ó sáré lọ bá Motria, ìyá ọkọ rẹ̀. "Màámi, níbo lẹ ti ra olú yẹn?"

"Lọ́wọ́ Odarka. N kì í ra èyí tí kò ní òǹtẹ̀ rẹ. Ṣé orí mi dàrú ni?"

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Yarina gbé ìyókù olú náà lọ sínú àpótí òjé, ó jókòó tì í. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró. Nọ́ńbà ń gòkè, ó ń gòkè.

Wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní ìgbálẹ̀ ọjà. Wọ́n gbé Ustina lọ jìnnà, síbi tí oúnjẹ ti mọ́, kí ìtànṣán lè máa kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí bọ́ọ̀sì bá dé, Yarina á gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ bóyá Ustina á bọ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ohun tí Yarina lè yọ jáde kí àkókò rẹ̀ tó pé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ìtàn yìí kọ́ wa pé iṣẹ́ tó gba sùúrù, ẹ má fi ìkánjú ṣe é. Oúnjẹ tí ẹ bá sọ pé ó mọ́, ẹ kọ́kọ́ rò ó bíi pé ọmọ yín ló máa jẹ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun gan-an ni.