Ẹṣin Tẹsẹ̀tẹsẹ̀

"Bàbá, Solange lorúkọ mi. Ẹṣin ni kí ẹ yà sínú ìwé tèmi o, kì í ṣe sójà."

Ọwọ́ ayàwòrán àgbà náà dúró gbagidi. Ìwé àwòrán ogun tó yà nígbà ọ̀dọ́ ni wọ́n tún tẹ̀ jáde lédè Faransé, òun ló sì jókòó níbi ọjà ìwé ní Limoges nílẹ̀ Faransé, tó ń fọwọ́ sí i, tó sì ń ya àwòrán kékeré sínú rẹ̀ fáwọn òǹkàwé. Àṣírí kan ló wà ńbẹ̀: kò mọ ẹsẹ̀ ẹṣin yà láyé rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ n ya ọ̀gágun fún yín. Irùngbọ̀n rẹ̀ á kún dáadáa."

"Ẹṣin ni mo fẹ́, tẹsẹ̀tẹsẹ̀!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. Ló bá gba kámú, ó yà á. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹsẹ̀ àga tí ikán jẹ. Ó na ìwé náà sí i.

Solange fi awò sójú, ó wo àwòrán náà títí, ló bá dì mọ́ ọn lọ́rùn.

"Ẹ̀yin gan-an rè é! Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀yin, tó fọwọ́ sí ìwé ọkọ mi nílùú Lyon lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ ẹṣin tiẹ̀ gún régé. Mo ní, 'Gbájúẹ̀ nìyí! Ẹni tó ń da eruku bo ẹsẹ̀ ẹṣin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dópin, ìgbà wo ló mọ̀ ọ́n yà?'"