Abẹ́rẹ́ Tí Àmúdàtù Gbà Sí Ọmú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì kà á fún ọmọbìnrin tó bá wà nítòsí yín.

1.
Ọdún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó ni. Àmúdàtù ń kọ́ aṣọ rírán ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ti fi ìgbéyàwó òun àti Mọ̀núrù sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú: ọmú òsì rẹ̀ kéré sí ti ọ̀tún. Bó bá wọ búláòsì, kò sẹ́ni tó ń mọ̀. Àmọ́ nílé àwọn Mọ̀núrù, ìyàwó tuntun kì í dá wẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ló ń wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tó bá wọlé. Àmúdàtù ti ń gbọ́ ẹ̀rín wọn létí kó tó débẹ̀.

2.
Ó kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí kókó, kò sí àrùn, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ṣe rí nìyẹn. Ó ní lóòótọ́, wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ tún irú rẹ̀ ṣe lókè òkun, ṣùgbọ́n ó ń dá àpá sára, ó sì lè má jẹ́ kí omi ọmú jáde dáadáa. Kó bímọ ná, kó fún un lọ́mú, kó tó máa ro irú èyí.

Kò gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ wá: ẹni tí wọn ò bá gún lábẹ́rẹ́, ó gbà pé wọn ò tọ́jú òun ni. Bí Àmúdàtù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí dókítà nìyẹn. Ó ní àwọn olówó ni wọ́n ń fi oògùn gidi pa mọ́ fún.

3.
Ìfura yẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéníyì, ní ẹ̀yìn títì Adéníji Adélé. Kóòtù funfun ló wọ̀. Ó ní òun bá àwọn dókítà ológun ṣiṣẹ́ lójú ogun ní Bọ́mà, pé abẹ́rẹ́ kan péré, òsì á bá ọ̀tún dọ́gba. Ó ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀ o.

Ìbídùn, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, ló sìn ín lọ. Ọ̀sán gangan, wọ́n ti fèrèsé pa. Ìgò tó wà lórí tábìlì ò ní orúkọ lára. Ìkòkò kékeré kan wà lórí sítóòfù. Ìbídùn gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

“Àbẹ́là ló ń rùn yìí, Àmúdà. Kí ni àbẹ́là ń wá níbi abẹ́rẹ́?”

“Tìẹ bára dọ́gba. O ò lè mọ̀.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé ó dọ́gba? Ṣé o ti wò ó rí ni?”

Àmúdàtù já ọwọ́ ẹ̀ gbà, ó wọlé padà, ó gba abẹ́rẹ́ náà.

4.
Ọmú náà kún lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn, ó tilẹ̀ ń fi Ìbídùn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó ṣe, ó le bí òkúta, ó pọ́n, ibà dé. Ìbídùn sáré lọ sọ́dọ̀ Adéníyì, àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn aráalé ò mọ ìlú rẹ̀.

Dókítà tó kọ́kọ́ wò ó ló tún gbà á. Àbẹ́là yíyọ́ tí Adéníyì gún sí i ti dì sínú ẹran ara, ibẹ̀ sì ti ń jẹrà. Kó má bàa kú, wọ́n gé ọmú náà kúrò.

Ìyá Hàwáwù, ìyálé ilé àwọn Mọ̀núrù, wá kí i. Àmúdàtù rò pé wọ́n wá kọ òun ni, ó kọjú sí ògiri. Ìyá bi í pé kí ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Adéníyì.

“Ìwẹ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, Ìyá. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.”

Ìyá Hàwáwù fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì.

“Èmi ni mo wẹ gbogbo ìyàwó ilé wa. Mi ò tíì rí èyí tí tiẹ̀ dọ́gba pátápátá. Tèmi gan-an ò dọ́gba. Kí ló dé tí o ò bi mí?”

Wọ́n gbé ìyàwó náà. Ìyá Hàwáwù nìkan ló wẹ̀ ẹ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ ṣọ́ra. Bí ọmú yín bá ń kọ yín lóminú, ẹ lọ sí ọsibítù. Bí ọ̀rọ̀ dókítà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bi dókítà mìíràn, kí ẹ sì bi àwọn àgbà obìnrin ilé yín. Ẹ sá fún ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ má sọ fún ìyá yín. Àmúdàtù fura o, mi ò ní kò fura. Ẹni tó sọ òótọ́ fún un ló fura sí.