Dókítà Orí Rédíò

Ohùn dókítà ń dún ní Múṣín, lórí rédíò tí ọkọ Sìmíátù fi owó Údójì, àfikún owó oṣù ìjọba, rà.

"Ẹ̀yin ìyá, sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé wàrà agolo dára ju ọmú lọ."

Làbákẹ́, alábàágbé wọn, tutọ́ sílẹ̀, ó sì pa rédíò náà.

"Kí ló dé?" Sìmíátù jágbe. "Ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ohùn ẹ̀ ń rí mi lára."

"Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Ilé ẹ̀ ní Sùúrùlérè ni mo ti ń fọṣọ. Láàárọ̀ yìí, ìyàwó ẹ̀ fẹ́ po wàrà agolo fún ọmọ wọn. Dókítà gbá a dànù."

"Kí ló wá wí?"

"Ó ní, 'Ọmú ni kó o fún ọmọ mi! Àwọn tó ń gbọ́ rédíò la ń tà yẹn fún.'"

Sìmíátù rọra yọ ìgò wàrà lẹ́nu ọmọ ẹ̀.